Bí wétà ò bá tọ́jú wa dáadáa nílé oúnjẹ, ṣé ká ṣì fi tíìpù sílẹ̀?

Àjòyẹ béèrè:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ tíìpù ní Amẹ́ríkà ni mo gbé wá. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé 15% sí 20% owó oúnjẹ ni kéèyàn fi sílẹ̀ fún wétà. Ìyẹn yé mi bó bá ṣe dáadáa. Èyí tí kò yé mi ni ìgbà tí nǹkan bá dàrú: omi ò dé, oúnjẹ tutù, ohun tí a ò pè ni wọ́n gbé wá, ẹni tó yẹ kó dá wa lóhùn kò yà sọ́dọ̀ wa mọ́, àfi ká tún máa fojú wá a kiri kó tó gbé bíìlì wá.

Ṣé ó burú kéèyàn má fi kọ́bọ̀ sílẹ̀? Bí mo bá fẹ́ dín in kù, ibo ni kí n dín in dé? Báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ pé wétà ló ṣẹ̀, kì í ṣe àwọn tó wà nílé ìdáná? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ ni kó dáhùn. Ẹ má sọ fún mi pé kí n ṣe bó bá ṣe wù mí, ohun tí mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn.

Ọ̀gáTábìlì dáhùn:

Ìbéèrè yín tó kẹ́yìn ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló máa tú àwọn tó kù. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, àmọ́ nílé oúnjẹ, ìka tí ojú yín ń rí kọ́ ló máa ń ṣẹ̀ nígbà gbogbo.

Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ló ń pín tábìlì. Wétà ló ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín, á sì tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ yẹn á tẹ ìwé pélébé kan jáde nílé ìdáná fún oúnjẹ, á tẹ òmíràn jáde nídìí ọtí fún ohun mímu. Nílé oúnjẹ tó bá tóbi, ẹlòmíràn ló ń gbé àwo wá, ẹlòmíràn ló ń palẹ̀ tábìlì mọ́. Torí náà, bí ẹ bá dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, tàbí tí tábìlì ń lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ̀ṣẹ̀ wétà kọ́ nìyẹn.

Oúnjẹ tó pẹ́ ló ń bí àwọn èèyàn nínú jù. Kẹ́ ẹ tó bínú, ẹ wo tábìlì àwọn ará àyíká yín. Bí ẹnikẹ́ni ò bá tíì jẹun, ọwọ́ àwọn alásè ló dí. Àmọ́ bí àwọn tó jókòó lẹ́yìn yín bá ti ń jẹ oúnjẹ tó jọ tiyín, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí wétà ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín kó sì gbàgbé láti tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ bíìlì ló máa ń gbé aago tí wọ́n ṣí i sórí. Bí ẹ bá jókòó ní aago méje, tí bíìlì sọ pé aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n ṣí i, àwọn alásè kọ́ ló jẹ ogún ìṣẹ́jú yẹn.

Bí oúnjẹ bá tutù, ẹ fọwọ́ kan etí àwo. Bí àwo bá gbóná janjan, ṣùgbọ́n tí ọbẹ̀ ti yí awọ lójú, tí ẹran sì ti gbẹ létí, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn alásè parí iṣẹ́ wọn lásìkò, wọ́n gbé àwo sábẹ́ iná tó ń mú oúnjẹ gbóná lójú fèrèsé ilé ìdáná, kò sì sẹ́ni tó wá gbé e. Wétà tàbí agbáwo ló ni ẹ̀bi yẹn. Bí àárín ẹran bá tutù, àwọn alásè ni. Bí tẹni kan bá ń gbóná fùkẹ̀, tí tàwọn yòókù ti tutù, wọ́n gbàgbé oúnjẹ kan, wọ́n wá fi ìyókù dúró dè é. Ìyẹn lè jẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Bó bá jẹ́ ohun tí ẹ ò pè ni wọ́n gbé wá, bíìlì náà ló máa jẹ́rìí. Ohun tí wétà tẹ̀ ló wà níbẹ̀. Bí bíìlì bá kọ ohun tí ẹ pè gan-an, tí àwo sì gbé nǹkan mìíràn wá, ẹ fi wétà sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àṣìṣe yẹn wà lórí bíìlì náà, ọwọ́ rẹ̀ ló ti wá.

Ohun tó jẹ́ ti wétà pátápátá kò pọ̀: kó má tètè yọjú lẹ́yìn tí ẹ jókòó, kó má padà wá béèrè bí oúnjẹ ṣe rí lẹ́yìn òkèlè méjì-mẹ́ta, kí ife omi gbẹ lójú rẹ̀, kó mọ̀ pé oúnjẹ máa pẹ́ kó má sì sọ fún yín, kó pòórá nígbà tí ẹ fẹ́ sanwó, kó fẹnu gbo yín. Ṣùgbọ́n ẹ ka iye tábìlì tó ń sáré yíká. Tábìlì mẹ́ta sí márùn-ún kò le fún ẹni tó mọ iṣẹ́. Bí ẹ bá rí i tí òun nìkan ń dá gbogbo yàrá lóhùn, máníjà ló fi owó òṣìṣẹ́ pamọ́, ẹ̀yin àti wétà lẹ sì jọ ń jìyà ẹ̀.

Ní ti iye: bí ẹ̀bi ò bá sí lọ́rùn wétà, ẹ má lọ sísàlẹ̀ 15%. Bó bá jẹ́ tirẹ̀, 10% ti tó láti fi hàn pé inú yín ò dùn. Ní tèmi o, ìwà àfojúdi tàbí ewu ló máa gbé e lọ sísàlẹ̀ ìyẹn.

Aṣírò dáhùn:

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá dáa. Ẹ jẹ́ ká wá fi owó sí i, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́.

Lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, $7.25 fún wákàtí kan ni owó oṣù tó kéré jù láti 2009. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó bá ń rí tíìpù tó ju $30 lọ lóṣù, ọ̀gá rẹ̀ lè fi $2.13 péré lé e lọ́wọ́ fún wákàtí kan. Iye yẹn kò yí padà láti 1991. $5.12 tó kù, tíìpù tí ẹ̀yin oníbàárà fi sílẹ̀ ni wọ́n fi ń dí i. Bí tíìpù ò bá tó, òfin ní kí ọ̀gá fi tirẹ̀ kún un. Àwọn èèyàn á wá ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀, ọ̀gá á san án.” Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ lápapọ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, kì í ṣe tábìlì kọ̀ọ̀kan. Bí tábìlì yín bá fún un ní òdo, tí àwọn tábìlì yòókù lọ́sẹ̀ yẹn sì gbé e kọjá $7.25, ọ̀gá ò ní fi sẹ́ǹtì kan kún un.

Ìpínlẹ̀ méje ni kò gba kí ọ̀gá fi tíìpù dí owó oṣù báyìí: Alaska, California, Minnesota, Montana, Nevada, Oregon àti Washington. Níbẹ̀, owó oṣù ìpínlẹ̀ náà pé kí tíìpù tó dé. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn kan fi tiwọn sí àárín $2.13 àti owó oṣù tó pé.

Ohun kejì ni owó tí wétà ń pín fáwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: agbáwo, ẹni tó ń palẹ̀ tábìlì mọ́, ẹni tó ń po ọtí. Nílé oúnjẹ púpọ̀, orí iye ọjà tí wétà tà ni wọ́n ti ń yọ ọ́, kì í ṣe orí tíìpù tó rí. Ká fi $120 ṣe àpẹẹrẹ, ká sì ní 4% ọjà ni wọ́n ń yọ, ìyẹn $4.80. Bí ẹ bá fi 18% sílẹ̀, $21.60, wétà á mú $16.80 lọ. Bí ẹ bá fi 10% sílẹ̀, $12, á mú $7.20 lọ. Bí ẹ bá fi òdo sílẹ̀, $4.80 yẹn ṣì máa kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, á yọ ọ́ nínú ohun tí tábìlì mìíràn fún un. Ẹ ò wulẹ̀ fi ẹ̀bùn dù ú nìkan, ẹ mú un sanwó lápò ara rẹ̀ torí pé ó gbé oúnjẹ fún yín. Mo gbà pé ẹlòmíràn lè rí i pé ó tọ́ sí i. Ẹ kàn mọ̀ pé ohun tí òdo ń ṣe nìyẹn.

Àwọn ilé oúnjẹ kan wà tó jẹ́ pé wọ́n ń da gbogbo tíìpù pọ̀ kí wọ́n tó pín in. Níbẹ̀, bí ẹ bá dín tíìpù kù nítorí ẹnì kan, gbogbo wọn ló kàn, ẹni tó ṣẹ̀ yín lè má tilẹ̀ mọ̀. Ẹ lè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá kọjá pé ṣé wọ́n ń da tíìpù pọ̀. Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni, kò sẹ́ni tó máa bínú. Máníjà ò gbọ́dọ̀ bá wọn pín nínú rẹ̀ o, láti 2018 ni òfin ti sọ ọ́ kedere.

KòGbaGbẹ̀rẹ́ dáhùn:

Mi ò fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ kan náà tí Aṣírò ń kà ló sọ pé oníbàárà nìkan ló ń pinnu bóyá òun máa fún wétà ní tíìpù àti iye tó máa jẹ́. Ẹ̀bùn ni. Ọ̀nà tí onílé oúnjẹ gbà ń pín owó láàárín àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé wọn nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ California tàbí Washington lẹ ti jẹun, ọ̀rọ̀ $2.13 ò tilẹ̀ wáyé.

Ìgbà méjì wà tí òdo tọ́ pátápátá. Èkíní, kí wétà bú yín tàbí àlejò yín, tàbí kó mọ̀ọ́mọ̀ pa yín tì torí irú ẹni tẹ́ ẹ jẹ́. Èkejì, kẹ́ ẹ ti sọ fún un pé ẹ̀pà tàbí edé máa ń bá ara ẹnì kan jà, kó ní òun ti gbọ́, kó wá gbé e wá bẹ́ẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn alásè. Èyí kejì yẹn lè pààyàn. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ 10% níbẹ̀, mi ò mọ ohun tó ń rò.

Ṣùgbọ́n òdo tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀ ò wúlò. Wétà á kàn ní ahun ni yín, tàbí ẹ ò mọ àṣà ibẹ̀. Ẹ má sì fi sẹ́ǹtì kan sórí tábìlì láti fi bú u. Ìyẹn ò kọ́ ẹnikẹ́ni lọ́gbọ́n.

Ọ̀gáTábìlì dáhùn:

@KòGbaGbẹ̀rẹ́, lórí ọ̀rọ̀ ohun tó ń bá ara jà, mo wà lẹ́yìn yín. Ẹ pe máníjà lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de bíìlì.

Lórí pé tíìpù ń kọ́ wétà lọ́gbọ́n, Michael Lynn ní Yunifásítì Cornell ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ọ̀rọ̀ tíìpù fínnífínní. Ìbátan tó rí láàárín bí oníbàárà ṣe gba ìtọ́jú sí àti iye tíìpù tó fi sílẹ̀ kéré gan-an. Àwọn èèyàn kan máa ń fi 20% sílẹ̀ yálà wọ́n tọ́jú wọn tàbí wọn ò tọ́jú wọn, àwọn kan ò kọjá 10% láé. Wétà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá rí 8%, kì í ronú pé “kí ni mo ṣe?” Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló máa yé e.

Àjòyẹ:

Ẹ ṣeun gan-an, ojú mi ti ń là. Mo tún ní ọ̀kan. Bí a bá pọ̀, wọ́n máa ń fi 18% tàbí 20% sórí bíìlì fúnra wọn. Bí ìtọ́jú ò bá wá dáa ńkọ́? Àti pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé síwájú èèyàn yẹn, iye tó gbé síbẹ̀ kì í bá ìṣirò mi mu.

BíìlìLọ́wọ́ dáhùn:

Ẹ ka ìsàlẹ̀ bíìlì kẹ́ ẹ tó mú káàdì jáde. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa wá ni “gratuity” tàbí “service charge,” ìyẹn owó ìtọ́jú tí ilé oúnjẹ fúnra wọn fi kún bíìlì. Ó sábà máa ń wáyé bí èèyàn bá tó mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé oúnjẹ. Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ tún wò ó bóyá ìlà mìíràn wà nísàlẹ̀ fún tíìpù. Ìlà yẹn ló ń mú kí àwọn èèyàn san án lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fa ìlà gbọọrọ lé e lórí.

IRS, iléeṣẹ́ tó ń gba owó orí, kì í ka iye tí ilé oúnjẹ dá fi sí i láìbéèrè sí tíìpù. Service charge ni, owó onílé ni, láti oṣù kìíní 2014 sì ni wọ́n ti ń fi òfin yẹn múlẹ̀ gidi. Onílé lè fún wétà ní gbogbo rẹ̀, ó sì lè má fún un ní gbogbo rẹ̀. Torí ìdí èyí, bí ìtọ́jú ò bá dáa, bí ẹ bá bínú sí wétà lórí rẹ̀, ẹ lè máa bínú sí ẹni tí kò rówó náà. Máníjà lẹ máa bá sọ ọ́: “A ò rí omi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo fẹ́ kẹ́ ẹ yọ service charge yìí, kí n fi iye tó tọ́ sílẹ̀ fúnra mi.” Ọ̀pọ̀ á yọ ọ́ tàbí kí wọ́n dín in kù. Ẹ má kàn fi bíírò pa á rẹ́ kẹ́ ẹ sì dìde lọ, torí bó bá ti wà lórí ìwé oúnjẹ kẹ́ ẹ tó pe oúnjẹ, wọ́n lè sọ pé ẹ ti gbà á.

Ní ti ẹ̀rọ: owó oúnjẹ nìkan ni àṣà ní kẹ́ ẹ ṣírò tíìpù lé lórí, láìka owó orí ọjà mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń ka owó orí mọ́ ọn. Ká ní oúnjẹ jẹ́ $80, tí owó orí jẹ́ 8%, àpapọ̀ á di $86.40. 18% lórí $80 jẹ́ $14.40, ẹ̀rọ á gbé $15.55 wá. Ìyàtọ̀ náà kéré, àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ 10%, bọ́tìnì ẹ̀rọ ò tilẹ̀ ní gbé e wá, 18, 20 àti 25 ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ tẹ “Custom” tàbí “Other,” kẹ́ ẹ kọ $8.00 yín síbẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ tún wà o: bí máníjà bá yọ oúnjẹ kan kúrò lórí bíìlì láti fi tù yín nínú, orí iye tó wà tẹ́lẹ̀ lẹ máa ti ṣírò. Wétà gbé àwo yẹn wá, ó sì tún dá a padà.

Bó bá jẹ́ ìwé ni wọ́n fún yín láti fọwọ́ sí, ẹ kọ tíìpù, ẹ kọ àpapọ̀, kí méjèèjì sì bá ara wọn mu. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi owó lé e lọ́wọ́, ẹ kọ “cash” sí ìlà tíìpù. Bó bá jẹ́ òdo, ẹ fa ìlà, kẹ́ ẹ tún iye oúnjẹ kọ sí àpapọ̀, ẹ má fi ibì kankan sílẹ̀ lófo. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Iye tí báńkì máa kọ́kọ́ fi hàn yín ni ti oúnjẹ nìkan, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ló máa di iye tí tíìpù wà nínú rẹ̀. Bó bá wá ju ohun tẹ́ ẹ kọ lọ, fọ́tò yẹn lẹ máa fi bá ilé oúnjẹ sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ tó lọ bá báńkì.

AyéẸkùn dáhùn:

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ìṣirò Amẹ́ríkà yìí lọ sí ibòmíràn o. Ní London, 12.5% ni wọ́n sábà máa ń fi sórí bíìlì. Bí wọ́n bá kọ “discretionary” sí i, ìyẹn ni pé kì í ṣe dandan, ẹ lè ní kí wọ́n yọ ọ́, láìjiyàn. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2024 ní kí gbogbo rẹ̀ dé ọwọ́ òṣìṣẹ́. Ní Paris, owó iṣẹ́ ti wà nínú iye tí wọ́n kọ síwájú oúnjẹ, bí ìtọ́jú ò bá dáa ẹ kàn má fi ṣẹ́ńjì sílẹ̀. Ní Japan, wọn kì í fún wétà ní tíìpù rárá. Bẹ́ ẹ bá fi owó sórí tábìlì, wọ́n lè sáré tẹ̀lé yín pé ẹ gbàgbé owó.

Ọ̀gáTábìlì dáhùn:

Kí n fi bẹ́ ẹ ṣe máa bá máníjà sọ̀rọ̀ kún un, torí ọ̀pọ̀ ló ń sọ ọ́ nígbà tó ti bọ́ sórí. Kẹ́ ẹ tó sanwó ni. Tí bíìlì bá ṣì wà ní ṣíṣí, bọ́tìnì kan ni máníjà máa tẹ̀ láti yọ oúnjẹ kan. Tí káàdì bá ti kọjá, ó di pé kó dá owó padà, àwọn kan á sì ní kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì.

Ẹ má sọ pé “ìtọ́jú yín ò dáa.” Kò sí ohun tó lè fi ìyẹn ṣe. Ẹ sọ aago àti nǹkan: “Aago méje la jókòó, a pe oúnjẹ ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, aago mẹ́jọ ló dé, ẹran yìí sì tutù láàárín.” Ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́: kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kí wọ́n yọ ọ́. Bó bá jẹ́ oúnjẹ, ẹ má jẹ ju òkèlè méjì-mẹ́ta kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Àwo tẹ́ ẹ ti jẹ dé ìdajì ṣòro láti bá máníjà jiyàn lé lórí. Orúkọ wétà àti nọ́ńbà tábìlì wà lókè bíìlì, ẹ kà á fún un látibẹ̀ dípò kẹ́ ẹ máa nàka sí èèyàn lójú gbogbo ayé.